Láti Èkó dé Jídà: Agogo Ọwọ́ Wa àti Oòrùn Ọlọ́hun

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni: ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Jídà, bó ti jìn tó, àti iye wákàtí tí ọkọ̀ òfurufú ń lò lórí rẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ló kan ẹ̀sìn nínú èyí? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ bi àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì." Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti rò ó tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí àìmọ̀ ọ̀nà àti àìmọ̀ agogo fi gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi, bí ẹni gba owó lọ́wọ́ ọmọdé. N óò jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà fún yín kí n tó parí, nítorí ẹni tó ti kọsẹ̀ ló yẹ kó kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

BÍ Ọ̀NÀ NÁÀ TI JÌN TÓ

Bí ẹyẹ bá gbéra ní Ìkẹjà, tó fò tààrà láì yà sí ibì kan títí ó fi bà ní pápá ọkọ̀ òfurufú Jídà, yóò ti fò tó bíi 4,200 kìlómítà, èyí tí í ṣe bíi 2,600 máìlì. Kí ó lè yé àwọn ìyá wa tí kò mọ kìlómítà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà tí a mọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Láti Èkó dé Kánò lójú òfurufú tó bíi 830 kìlómítà. Ẹ wọn ọ̀nà Èkó sí Kánò lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ ti dé Jídà nìyẹn. Ohun tó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé Jídà sún mọ́ Èkó ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó bíi 5,000 kìlómítà. Àwa tí a máa ń sọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí a sì ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ Mọ́nkà bí ẹni pé òpin ayé ló wà, ọkàn wa ló ṣe ìwọ̀n náà, kì í ṣe okùn.

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi nínú. Ìhà tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Jídà yẹ kó kọjú sí bó bá ti gbéra ní Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìhà tí à ń kọjú sí nígbà tí a bá ń kírun. Kìbíláà Èkó kò sí ní ìlà oòrùn gangan. Ó yà sí apá àríwá díẹ̀, ní bíi 63 lójú kọ́ńpáàsì, níbi tí àríwá ti jẹ́ 0 tí ìlà oòrùn sì jẹ́ 90. Nítorí náà, ẹni tó ń kírun nínú iyàrá rẹ̀ ní Múṣin àti ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ tó gba ọ̀nà tààrà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n dojú kọ. Ọ̀kan fi iwájú orí rin ín, èkejì fi ìyẹ́ irin rin ín.

Ní ti wákàtí, ọkọ̀ òfurufú ńlá òde òní ń sáré tó bíi 850 kìlómítà ní wákàtí kan, bó bá ti gun òkè tán. Ẹ pín 4,200 sí ọ̀nà 850, ẹ óò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 5. Ẹ wá fi àkókò gígun òkè àti sísọ̀kalẹ̀ kún un, nítorí ọkọ̀ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ó di wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí wákàtí 5 ààbọ̀. Afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, ó ń ti ọkọ̀ síwájú. Bó bá dojú kọ ọ́, ó ń dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí àlọ àti àbọ̀ kì í fi í dọ́gba ní gbogbo ìgbà.

ÀWỌN TÓ FI ẸSẸ̀ RIN ÍN

Kí ẹnikẹ́ni tó ráhùn pé wákàtí 5 ààbọ̀ pọ̀, kó rántí àwọn baba ńlá wa. Kí ọkọ̀ òfurufú tó máa kó alálàájì ní àwọn ọdún 1950 síwájú, ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Wọn a gba ilẹ̀ Haúsá dé Bọ̀rnú, wọn a ré kọjá Chad, wọn a wọ Darfur, wọn a la ilẹ̀ Sudan já títí dé etí Òkun Pupa ní Suakin tàbí Port Sudan, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Jídà. Ẹlòmíràn a lo ọdún kan, ẹlòmíràn a lo ọdún púpọ̀, nítorí ibi tí owó bá ti tán ni yóò dúró sí láti dáko tàbí láti ṣiṣẹ́ alágbàṣe kó tó lè tẹ̀síwájú. Wọ́n bí ọmọ sójú ọ̀nà, wọ́n sì sin òkú sójú ọ̀nà. Títí di òní, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn arìnrìn-àjò láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí kò padà sílé mọ́ ṣì wà ní Sudan.

Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú dé, tí èrò sì ń pọ̀ sí i, ìjọba rí i pé ọ̀rọ̀ alálàájì kúrò ní ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún oníkálukú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wa ìgbà náà ló dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú àwọn alálàájì sílẹ̀ ní 1958. Ohun tí wọ́n fi ọdún rìn ti di ohun tí a fi ọ̀sán kan ṣe. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n kí á má rò pé nítorí pé ọ̀nà kúrú, ó ti rọrùn tán. Ní ọjọ́ 22 oṣù Jánúárì 1973, ọkọ̀ kan tó ń kó àwọn alálàájì wa bọ̀ láti Jídà kò lè balẹ̀ ní Èkó nítorí ojú ọjọ́ tó ṣókùnkùn. Wọ́n darí rẹ̀ sí Kánò. Níbi tó ti ń balẹ̀ níbẹ̀ ló ti já, èèyàn 176 sì kú nínú èèyàn 202 tó wà nínú rẹ̀, àwọn tó ti ṣe Hájì tán tí ilé ń retí wọn. Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú awakọ̀ nígbà tó bá ní ọyẹ́ kò jẹ́ kí òun ríran, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé sàn ju ẹni tí a kò rí mọ́ lọ.

Ogun náà ń fa ọ̀nà gùn. Sudan ló dúró sí àárín ọ̀nà Èkó sí Jídà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Épírìlì 2023, wọ́n ti ojú ọ̀run ilẹ̀ náà pa mọ́ àwọn ọkọ̀ akérò. Àwọn ọkọ̀ tó kó alálàájì wa lọ ní ọdún náà ní láti yípo. Wákàtí gùn sí i, epo tó ń jó pọ̀ sí i, àríyànjiyàn owó sì dìde. Ẹ wo bí ìbọn tí wọ́n yìn ní Khartoum ṣe wá dé àpò ìyá aláta ní Ìbàdàn tó fẹ́ lọ dúró ní Árífà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ báyìí. Ní Rámàdáánì ọdún 2024, Ọlọ́hun ṣe é fún mi, mo lọ ṣe Úmúrà. Ní ọjọ́ tí à ń padà bọ̀, oṣù Máàṣì kù díẹ̀ kó parí, ọkọ̀ wa gbéra ní Jídà ní agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán, agogo ti ọ̀hún. Awakọ̀ wa sọ fún wa pé nítorí ogun, a kò ní gba orí Sudan, a óò yípo, ìrìn-àjò wa yóò sì tó bíi wákàtí 6 ààbọ̀. Púpọ̀ nínú wa ló ń gbààwẹ̀. Lóòótọ́ ni Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò kó má gbà á, kó sì san án padà bó bá délé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbà á bọ̀ láti ilẹ̀ mímọ́ kì í fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun lójú ọ̀nà.

Ìyá àgbà kan ló jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Wọn kò mọ̀wé, aṣọ ni wọ́n ń tà kí ọjọ́ ogbó tó dé. Bàbá kan tó wọ agogo olówó iyebíye jókòó sí apá kejì mi. Nígbà tó pẹ́, bàbá yìí fi ìka kan agogo rẹ̀, ó ní, "Àlàájì, agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ti lù. Wọ́n ti ń ṣínu ní Mọ́nkà báyìí. Ibi tí a ti jẹ sààrì, àsìkò ibẹ̀ ni ká fi ṣínu."

Mo wo agogo tèmi náà. N kò tíì yí i padà sí ti ilé, nítorí náà ohun kan náà ló sọ. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n létí mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé òùngbẹ máa ń mú kí ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dúró ṣinṣin. Mo ṣe bísímílà, mo jẹ dàbínù kan, mo sì mu omi. Mo wá yíjú sí ìyá, mo ní, "Ìyá, ẹ ṣínu o, àsìkò ti tó."

Dàbínù ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbé ìbòjú fèrèsé sókè, oòrùn sì tàn wọlé yòò débi pé mo fi ọwọ́ bo ojú.

"Ọmọ mi, kí ni èyí?"

"Oòrùn ni, Ìyá."

"Ṣé ó ti wọ̀?"

"Kò tíì wọ̀ níbí, Ìyá, ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ ní Mọ́nkà."

"Ṣé Mọ́nkà la wà?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìyá wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ẹ̀gàn nínú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, agogo lo fi ń gba tìrẹ. Oòrùn ni bàbá mi fi kọ́ mi ní tèmi." Wọ́n di dàbínù wọn padà sínú áńkáṣíìfù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀sùbáà wọn.

Ẹ̀yin ará mi, agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ìrọ̀lẹ́ ni ní Èkó nígbà náà! Nígbà tí a balẹ̀ ní Ìkẹjà ní nǹkan bí agogo mẹ́fà, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Orí ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ni a tò sí nígbà tí oòrùn wọ̀, tí agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyá tú áńkáṣíìfù wọn, wọ́n mú dàbínù kan, wọ́n sì na ọ̀kan sí mi. Mo gbà á, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí mo bi àáfà wa, wọ́n ní n kò dẹ́ṣẹ̀ ní ti pé mo jẹun, nítorí arìnrìn-àjò ni mí. Ṣùgbọ́n kí n má ka ọjọ́ náà mọ́ èyí tí mo gbà, kí n san án. Mo ti san án.

ÌDÍ TÍ AGOGO FI TÀN MÍ

Mo wá jókòó láti wádìí ohun tó mú mi. Ayé yìí ń yí po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Bí a bá pín òbìrí ayé sí ọ̀nà 360 gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti pín in, ìpín kan gba ìṣẹ́jú 4. Láàárín Èkó àti Jídà, ìpín bíi 36 ló wà. Nítorí náà, oòrùn tó bá wọ̀ ní Jídà ní irú àkókò tí mò ń sọ yìí, yóò tó bíi wákàtí 2 àti ogún ìṣẹ́jú kó tó wọ̀ ní Èkó. Agogo ìlú méjèèjì sì fi wákàtí 2 yàtọ̀ síra.

Ẹni tó ń ti Jídà bọ̀ ń sá tẹ̀ lé oòrùn. Kò lè bá a, nítorí eré oòrùn lójú wa tó ìlọ́po méjì eré ọkọ̀ òfurufú lójú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ lé e tó láti fa ọ̀sán rẹ̀ gùn. Ààwẹ̀ ẹni náà yóò gùn ju ti ẹni tó fi sílẹ̀ ní Mọ́nkà lọ, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kó gba àyè tí Ọlọ́hun fún arìnrìn-àjò, kó sì san án lẹ́yìn. Àyè náà kì í ṣe ìtìjú. Ohun tó burú ni kí èèyàn jẹun lójú ọ̀sán kó sì pè é ní ìṣínu, bí èmi ti ṣe.

Ẹ tún mọ èyí: bí ọkọ̀ bá wà lókè réré, bíi 10 kìlómítà sókè, ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣì máa rí oòrùn fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tó ti wọ̀ lójú àwọn tó wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Oòrùn ojú tirẹ̀ ni kó fi ṣínu.

ẸNI TÓ Ń LỌ, KÓ ṢỌ́ SÚBÚÌ RẸ̀

Àbọ̀ ni ọ̀sán ti ń gùn. Ní àlọ, òru ló ń kúrú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń pàdánù Súbúì. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ gbéra ní Èkó ní agogo mọ́kànlá òru ní irú oṣù Máàṣì náà. Arìnrìn-àjò jẹun, ó sùn. Ó jí, ó wo agogo rẹ̀, ó rí agogo mẹ́rin. Ó ní, "Áà, ilẹ̀ kò tíì mọ́, ẹ jẹ́ kí n tún sùn díẹ̀." Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni níbi tó ń lọ! Àsìkò Súbúì ti wọlé láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Nígbà tí wọ́n bá balẹ̀ tí wọ́n tò láti jáde, Súbúì ti lọ. Ẹni tó ń lọ bẹ Ọlọ́hun nínú ilé Rẹ̀ ti fi irun Rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ yí agogo yín sí ti Jídà kí ẹ tó sùn, ẹ sì bẹ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó jí yín.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ mìkáátì, ààlà tí ẹni tó ń lọ ṣe Hájì tàbí Úmúrà kò gbọdọ̀ kọjá láì wọ haramí. Ọkọ̀ òfurufú ń lọ tó bíi kìlómítà 14 ní ìṣẹ́jú kan. Bí awakọ̀ bá kéde pé a ti ń sún mọ́ mìkáátì, tí o wá ń wá àpótí rẹ, tí o tò sí ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, o ti fi kìlómítà 140 kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí Mọ́nkà tààrà, kó wẹ̀ kó sì wọ aṣọ rẹ̀ láti ilé tàbí láti pápá ọkọ̀ òfurufú, kó ku àníyàn nìkan tí yóò ṣe nígbà tó bá gbọ́ ìkéde. Ẹni tó bá ń kọ́kọ́ lọ sí Mẹ̀dínà ní ìrọ̀rùn, nítorí Zul-Hulayfah, tó wà lẹ́bàá ìlú náà, ni yóò ti wọ tirẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sí Mọ́nkà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ sọ fún àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò. Ẹ má máa sọ fún àwọn arúgbó wa pé "wákàtí márùn-ún péré ni." Wákàtí márùn-ún lókè ni. Ẹ ka wákàtí tí wọ́n óò fi dúró kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ ka èyí tí wọ́n óò fi tò ní Jídà, ẹ sì ka ọ̀nà bíi 80 kìlómítà láti Jídà dé Mọ́nkà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọkọ̀ tí wọ́n ní yóò gbéra lálẹ́ kò gbéra títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo rí bàbá kan tí kò mú oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ dání, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé kò ní pẹ́. Inú àpótí tí wọ́n ti kó sínú ọkọ̀ ló wà. Ọlọ́hun ló yọ ọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn: ọjọ́ kan gbáko ni kí wọ́n múra sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi oògùn àwọn òbí yín sínú báàgì ọwọ́.

Ẹ̀yin ará mi, agogo dára, èmi náà kò tíì sọ tèmi nù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí gbogbo wa dé ibẹ̀, kó mú wa lọ láyọ̀, kó mú wa bọ̀ láyọ̀, kó sì gba ìjọsìn wa. Àmín.